Ìbọn Tó Lóyún ní Thamesmead

Ọjọ́ tí Màmá Nọ́ọ̀sì pe ọlọ́pàá pé ìbọn àwọn lóyún ni gbogbo àdúgbò Thamesmead nílùú òyìnbó wá mọ̀ wọ́n.

“Mo ní ìbọn kan nílé,” ni wọ́n wí lórí fóònù, pẹ̀lú ohùn tí wọ́n fi ń bá dókítà sọ̀rọ̀ nígbà tí wọ́n ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́. “Ó ti lé ní igba ọdún. Nǹkan wà ní ikùn rẹ̀. Ẹ tètè máa bọ̀, ṣùgbọ́n ẹ má fọn fèrè o. Mi ò fẹ́ kó ta gìrì.”

Ọlọ́pàá mẹ́fà ló dé, akoto lórí, ìbọn tiwọn lọ́wọ́. Mùjídì, awakọ̀ takisí tó ń gbé fúláàtì tó kọjú sí ti Màmá, ti dojú bolẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó ní kó dojú bolẹ̀. Màmá ṣílẹ̀kùn. Wọ́n wo ẹsẹ̀ àwọn àlejò, wọ́n wo kápẹ́ẹ̀tì.

“Ẹ bọ́ bàtà yín.”

Àwọn ọlọ́pàá bọ́ ọ. Ìbọ̀sẹ̀ ọ̀kan nínú wọn ti lu níbi àtàǹpàkò. Màmá ní kó jókòó ná, kí àwọn kọ́kọ́ wo èékánná rẹ̀.

Adébísọ́lá Ọlátúnbọ̀sún ni orúkọ wọn gan-an. Ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ni wọ́n fi ṣe nọ́ọ̀sì. Ọkọ wọn ti kú, àwọn ọmọ wọn méjèèjì wà ní Kánádà. Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì tí wọ́n fẹ̀yìn tì tí ọwọ́ fi bẹ̀rẹ̀ sí í yún wọn. Wọ́n wo ẹ̀jẹ̀ ríru ẹni tó ń pín lẹ́tà. Wọ́n wo ti pásítọ̀ lórí pẹpẹ, láàárín ìwàásù. Ó ga. Wọ́n ní kó yáa ṣe àmín.

Ní Sátidé kan, Mùjídì fi ọkọ̀ gbé wọn lọ ra ìkòkò níbi tí wọ́n ti ń ta àlòkù ní Plumstead Common. Láàárín àwọn ife tíì ni ìbọn ìléwọ́ àtijọ́ kan wà, ìpáàrà ti bò ó.

“Mọ́mì, kí lẹ fẹ́ fìyẹn ṣe?”

“Wo bó ṣe sùn síbẹ̀,” ni Màmá wí. “Kò sẹ́ni tó wá bẹ̀ ẹ́ wò.”

Wọn ò ra ìkòkò mọ́.

Nígbà tí wọ́n délé, wọ́n tẹ́ táwẹ́ẹ̀lì, wọ́n gbé ìbọn lé e, wọ́n wọ ìbọ̀wọ́, wọ́n ṣí ìwé. Irin tó tẹ̀ bí ọrùn àkùkọ lókè rẹ̀ kì í dúró tí wọ́n bá fà á sẹ́yìn, ńṣe ló ń ṣubú padà. Wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀: ọrùn kò tíì le. Òkúta tó yẹ kó máa ṣáná lẹ́nu irin náà ti sọnù: eyín ti bọ́. Ibi tí wọ́n ń fi ìka fà gan pa: làkúrègbé. Mùjídì ní kí àwọn fi pépà tí káfíńtà fi ń ha igi ha ìpáàrà náà kúrò.

“Ṣé bí wọ́n ṣe ń wo egbò nílé yín nìyẹn?”

Mùjídì náà ló kà á lórí fóònù pé àwọn ará ìgbàanì máa ń ki ẹ̀tù sínú irú ìbọn bẹ́ẹ̀ sílẹ̀, kí wọ́n sì gbàgbé rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní kí ẹni tó bá rà á dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kó ti igi tẹ́ẹ́rẹ́ bọ ẹnu rẹ̀, kó wá fi igi náà wọn ìbọn lóde. Tí igi kò bá dé ibi ihò iná, nǹkan wà níbẹ̀. Màmá ti abẹ́rẹ́ tí wọ́n fi ń hun súwẹ́tà bọ̀ ọ́. Ó ku ìka méjì. Wọ́n tún wọ̀n ọ́n. Ìka méjì náà ni. Wọ́n bọ́ awò ojú wọn.

“Mùjídì, ó lóyún.”

“Fún ta ni?” ni Mùjídì bi wọ́n, kó tó mọ ohun tó ń sọ.

Bí wọ́n ṣe pe ọlọ́pàá nìyẹn. Wọ́n gbé ìbọn lọ sọ́dọ̀ àwọn tó mọ̀ ọ́n tú, Màmá sì fẹ́ bá a wọ mọ́tò. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ọlọ́pàá pè wọ́n pé iṣẹ́ ti parí.

“Ìyá àti ọmọ ńkọ́?”

Kò sí ẹ̀tù níbẹ̀ rárá. Ìwé ìròyìn tí wọ́n rún pọ̀ ni, àti bọ́ọ̀lù dígí kékeré kan tí ọmọdé kan ti fi ṣeré láyé ọjọ́un. Màmá sọ ọ́ lórúkọ.

Nígbà tí wọ́n dá ìbọn náà padà, ó wá ku ká mọ irú èyí tó jẹ́. Màmá ti sọ fún gbogbo ìjọ pé ti ṣọ́jà ẹlẹ́ṣin ni, nítorí Woolwich, ìlú ṣọ́jà, kò jìnnà. Wọ́n gbé e lọ sọ́dọ̀ Bernice, òyìnbó arúgbó tó ní ṣọ́ọ̀bù ohun ìjà àtijọ́ ní Woolwich. Bernice wo adé ọba tí wọ́n fín sí i lára, ó wo idẹ ìdí rẹ̀, ó wá fọwọ́ kan ìkọ́ irin gígùn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

“Ti atukọ̀ ojú omi ni. Ìkọ́ yìí ni wọ́n fi ń gbé e kọ́ ìgbànú.”

Màmá tún awò ojú wọn ṣe. “Ṣé ẹṣin kì í wọ ọkọ̀ ojú omi ni?”

Bernice rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó tú ìbọn náà, ó nù ún, ó tún ibi tó ti jẹ nínú irin ṣe, ó fi òróró díẹ̀ sí i. Ó fa ọrùn náà sẹ́yìn. Ọrùn dúró. Màmá yíjú sí ògiri, wọ́n ní eruku ṣọ́ọ̀bù náà ti pọ̀ jù.

Láti ìgbà náà, gbogbo Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n ń lọ síbẹ̀. Kò pé oṣù méjì tí gbogbo ìbọn ṣọ́ọ̀bù náà fi ní káàdì ọsibítù lọ́rùn. Ọkùnrin kan fẹ́ ra ọ̀kan, Màmá ní kó padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, dókítà kò tíì ní kí ìbọn náà máa lọ sílé.

Nígbà tí àìsàn dá Màmá fúnra wọn wólẹ̀ lọ́dún tó kọjá, wọn ò fún ẹnikẹ́ni nísinmi ní wọ́ọ̀dù. Wọ́n ní kò sí nọ́ọ̀sì kankan níbẹ̀ tó mọ bẹ́ẹ̀dì í tẹ́. Bernice ń wá, Mùjídì ń wá lójoojúmọ́. Láàárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n lò kẹ́yìn láyé, nígbà tí àwọn ọmọ wọn ṣì wà lójú òfúrufú, Mùjídì ló jókòó tì wọ́n. Nọ́ọ̀sì kékeré kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Òṣogbo dé, Tiwaladé, ń wá iṣan lọ́wọ́ wọn. Ó wá a tì, ó tún fi abẹ́rẹ́ gún wọn lẹ́ẹ̀kan sí i.

Màmá lajú. Mùjídì di àga mú, ó ń retí èébú.

“Rọra, ọmọ mi,” ni wọ́n wí. “O ń ṣe é dáadáa.”

Wọ́n tún pa ojú dé. Tiwaladé rí iṣan náà. Ó fa aṣọ bò wọ́n dé èjìká. Iṣẹ́ ti parí fún un, ṣùgbọ́n ó gbé àga wá, ó jókòó sí òdì kejì bẹ́ẹ̀dì, ó sì di ọwọ́ wọn mú títí di ọ̀sán.