Iṣẹ́ tí Ìyá Ẹlẹ́ja Rán Mi

Ẹ jẹ́ kí n rọra sọ ọ́, ó ti pẹ́ tó ti wà lọ́kàn mi.

Ìjọba alágbádá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé nígbà náà, èmi sì ni akọ̀wé ẹgbẹ́ lánlọ́ọ̀dù wa ní Bárígà. Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba wá bá wa nítorí igbó ẹ̀gbà etí ọ̀sà, àwọn igi tó máa ń fi gbòǹgbò dúró nínú omi. Wọ́n ní ojú ọjọ́ ti ń yí padà, omi ń ga sí i. Kí a sọ apá ibi tí ẹnikẹ́ni ò ní fọwọ́ kàn, àti apá ibi tí wọn yóò gé, kí wọ́n da iyanrìn sí i. Ìwé tí wọ́n mú wá tiẹ̀ sọ pé kí a gbọ́ tẹnu ọkùnrin, kí a sì gbọ́ tẹnu obìnrin.

Àmọ́ obìnrin kì í wọ ìpàdé wa. Ojú fèrèsé ni wọ́n ń dúró sí, ọkùnrin kan a sì bá wọn gbé ọ̀rọ̀ wọn wọlé. Lọ́jọ́ yẹn, èmi ni.

Ìyá kan tó ń yan ẹja létí omi, tó ti ń ṣa igi gbígbẹ nínú igbó náà kí n tó mọ Bárígà, na ọwọ́ gba ojú fèrèsé, ó di apá ẹ̀wù mi mú.

"Akọ̀wé, ní kí wọ́n má gé àwọn igi kéékèèké ẹ̀yìn ilé mi o. Àwọn ló di ẹrẹ̀ mú, kì í ṣe àwọn gàgàrà tí wọ́n ń wò yẹn. Ọdún tí ìjì wó díẹ̀ nínú wọn ni omi kọ́kọ́ wọ yàrá mi. Ṣé o gbọ́?"

"Mo gbọ́, ìyá."

"Tún un wí."

"Háà, ṣé jẹ́lé-ó-sinmi la wà ni?"

"Àwọn ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi kì í gbàgbé nǹkan. Ẹ̀yin alákọ̀wé ni." Àwọn obìnrin tó wà lẹ́yìn rẹ̀ bú sẹ́rìn-ín.

Mo wọlé. Alága ní, "Kí ni wọ́n ń wí níta?"

N kò gbàgbé o. Ojú ló tì mí láti sọ níwájú àwọn ọ̀gá pé ayanja mọ ọ̀nà omi jù wọ́n lọ. Àwọn àgbà ní ẹni tó rán ni níṣẹ́ là ń bẹ̀rù, a kì í bẹ̀rù ẹni tí a ó jẹ́ ẹ fún. Ẹni tí mo fẹ́ jẹ́ ẹ fún lèmi bẹ̀rù.

Mo ní, "Igi ìdáná ni wọ́n ń bẹ̀bẹ̀ fún."

"Obìnrin àti igi ìdáná!" Wọ́n rẹ́rìn-ín. Òṣìṣẹ́ náà kọ ọ́ sílẹ̀ pé àwọn obìnrin ti sọ tẹnu wọn. Wọ́n dá àwọn igi ńlá sí, wọ́n ní kí wọ́n gé àwọn kéékèèké. Mo fọwọ́ sí i.

Wọ́n gé e. Nígbàkigbà tí mo bá lọ ra ẹja lẹ́yìn ìyẹn, búlọ́ọ̀kù tí ìyá náà fi gbé ààrò rẹ̀ sókè kí omi má baà pa iná ti lé sí i: méjì, mẹ́ta, márùn-ún. N kò béèrè. Lọ́jọ́ kan, òun ló béèrè.

"Akọ̀wé, nígbà tí o sọ ọ́ fún wọn, kí ni wọ́n dáhùn?"

"Wọ́n ní àwọn á rò ó, ìyá."

Ó wo ọ̀sà lẹ́yìn mi títí. "Wọ́n mọ̀, wọ́n sì tún gé e."

Ó wé ẹja mi lé mi lọ́wọ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ká aṣọ àwọn ọmọ ọmọ rẹ̀ kúrò nílẹ̀. Òjò kò tíì rọ̀ rárá lọ́dún yẹn. Omi ti dé abẹ́ bẹ́ẹ̀dì.