Èmi Ni Mo Ṣètò Ìrìnàjò Kánádà

Ooru Dallas ni ó kọ́kọ́ fi òkè oníyìnyín sí mi lọ́kàn. Oṣù keje ni, mo ń lọ sí ibi iṣẹ́, ọkọ̀ sì tò bí èèrà lórí ọ̀nà márosẹ̀ tí à ń pè ní fíríwéè láti McKinney títí wọ àárín ìlú. Irin bẹ́líìtì ọkọ̀ mi gbóná débi pé etí ṣẹ́ẹ̀tì ni mo fi mú un kí n tó lè dè é mọ́ra. Nígbà tí mo dé ọ́fíìsì, mo rí àwòrán kan lára kàlẹ́ńdà tí wọ́n gbé kọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ omi tútù: adágún omi kan tí àwọ̀ rẹ̀ kì í ṣe ti òfurufú, tí kì í sì í ṣe ti ewé, òkè funfun yí i ká, kò sí ẹyọ ènìyàn kan níbẹ̀. Ohun tí wọ́n kọ sábẹ́ rẹ̀ ni pé ìwọ̀-oòrùn Kánádà ni. Mo dúró tì í títí omi fi kún ife mi tí ó ń ṣàn sí mi lẹ́sẹ̀. Kí a tó jẹ oúnjẹ ọ̀sán, mo ti pinnu pé gbogbo ilé wa ni yóò lọ síbẹ̀ ní ọdún tó ń bọ̀, a ó gba ọkọ̀ ní Calgary, a ó sì wà á la àárín òkè já dé etí òkun ní Vancouver.

Mo ní ìdí kan tó dára tí mo fi bo ara mi. Ọmọ wa àgbà, obìnrin, ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ wọ ọdún tó kẹ́yìn ní ilé ẹ̀kọ́ girama, lẹ́yìn rẹ̀ yóò lọ sí yunifásítì ní ìpínlẹ̀ mìíràn. Mo sọ fún ara mi pé ìrìn yìí ni a ó fi dágbére fún un. Ohun tí n kò sọ fún ara mi ni pé mo fẹ́ràn ètò ju ìrìn lọ. Iṣẹ́ tí mò ń ṣe ní ilé iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ni pé kí n máa pín iṣẹ́ fún àwọn tó mọ iṣẹ́ jù mí lọ, kí n sì máa bi wọ́n ní àràárọ̀ bóyá wọ́n ti ṣe é. Ẹni tó bá ti jẹun nídìí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ fún ọdún méjìlá, ó rọrùn kí ó máa wo ìyàwó àti ọmọ rẹ̀ bí òṣìṣẹ́ tí iṣẹ́ wọn ń falẹ̀.

Inú ọkọ̀ ni mo ti kéde rẹ̀, nígbà tí à ń bọ̀ láti àpéjọ ìjọ wa ní Floyd, níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti lè sá fún mi. Ìyàwó mi ń tòògbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Nọ́ọ̀sì ni ní ilé ìwòsàn kan ní Allen, láti ẹnu iṣẹ́ ni a sì ti gbé e lọ sí ìsìn tààrà. Ó ní ó dáa. Ọmọ àgbà fi Gẹ̀ẹ́sì béèrè bóyá fóònù máa ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Àbúrò rẹ̀ obìnrin, tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́wàá, béèrè bóyá béárì wà níbẹ̀. Mo ka gbogbo rẹ̀ sí ìfọwọ́sí.

Oṣù mọ́kànlá ni mo fi ṣètò. Mo mọ iye ìṣẹ́jú tó wà láàárín òkè kan àti èkejì. Mo mọ ibi tí a ti lè tọ̀, mo sì kọ aago tí a ó tọ̀ síwájú rẹ̀. Mo kà á lórí íńtánẹ́ẹ̀tì pé bí ènìyàn kò bá tètè dé ibi adágún tó lókìkí yẹn, kò ní rí àyè gbé ọkọ̀ sí, nítorí náà mo kọ aago márùn-ún ìdájí sílẹ̀ fún jíjí, lójoojúmọ́, fún ọjọ́ mẹ́wàá. Mo pín iṣẹ́: oúnjẹ ni ti ìyàwó mi, àwòrán ni ti ọmọ àgbà, kíka ẹranko ni ti àbúrò rẹ̀, ìyókù ni tèmi. Nígbà tó pé ojú ewé méjìlá, mo tẹ̀ ẹ́ jáde, mo dì í pọ̀ bí ìwé, mo sì fún ẹnì kọ̀ọ̀kan ní ọ̀kan ní ọ̀sán ọjọ́ Àìkú kan lẹ́yìn oúnjẹ. Ìyàwó mi ṣí tirẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ó wá ní:

"Ọjọ́ wo la máa jókòó?"

Mo ní, "Inú ọkọ̀ la ó kúkú jókòó sí láti àárọ̀ ṣúlẹ̀."

Ó pa ìwé náà dé, ó ní kí àwọn ọmọ kó àwo kúrò nílẹ̀. Lójú tèmi, ọ̀rọ̀ ti parí.

Àwọn àgbà ní rírò ni ti ènìyàn, ṣíṣe ni ti Ọlọ́run. N kò rò pé ó kàn mí, nítorí èmi ti rò ó, mo sì ti kọ ọ́ sílẹ̀. Mo yẹ ìwé ìrìnnà gbogbo wọn wò. Ti ìyàwó mi kù oṣù díẹ̀, mo ní kó lọ ṣe tuntun, mo sì bá a wí díẹ̀ pé kò kíyè sí i. Mo ṣe ti àwọn ọmọ. Tèmi wà nínú dúrọ́ọ̀ ní ipò rẹ̀. Mo mọ ìgbà tí mo gbà á, àná ló jọ lójú mi, n kò sì ṣí i wò.

Ní àárọ̀ ọjọ́ tí a fẹ́ lọ, a ti dé pápá ọkọ̀ òfurufú ní wákàtí mẹ́rin ṣáájú bàálù, nítorí bẹ́ẹ̀ ni ètò wí. Ọ̀dọ́bìnrin tó ń yẹ ìwé wò gba ti àwọn mẹ́ta, ó rẹ́rìn-ín sí wọn. Ó gba tèmi, ó wò ó, ó tún un wò, ó wá fi ohùn pẹ̀lẹ́ sọ fún mi pé ọjọ́ rẹ̀ ti tán láti oṣù kẹta. Mo ní kò lè rí bẹ́ẹ̀. Mo ṣàlàyé fún un, bí ẹni pé ó lè ràn mí lọ́wọ́, pé ìgbà tí mo fẹ́ lọ sin bàbá mi nílé ni mo gba ìwé yẹn, kò sì tíì pẹ́. Bí mo ti ń sọ ọ́ ni mo ń ṣírò rẹ̀ nínú. Ó ti pé ọdún mẹ́wàá. Bàbá mi ti lo ọdún mẹ́wàá nínú ilẹ̀, n kò sì tíì padà dé ibẹ̀ láti ọjọ́ náà. Ìpàkọ́ onípàkọ́ là ń rí, ẹni ẹlẹ́ni ní í rí tẹni.

Bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Mo wo ẹ̀yìn, mo rí ìlà ènìyàn tó ń dúró dè mí. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kó àpótí wa kúrò lórí ìwọ̀n, ó dá mi lójú pé ilé ni gbogbo wa ń padà sí. Àbúrò ti ń sunkún. Ìyàwó mi di àpótí kan tí mo fẹ́ gbé mú, kò sì gbé ohùn sókè.

"Ẹ bá mi pe àwọn tó ni ọkọ̀ tí a yá ní Calgary," ó ní, "kí wọ́n fi orúkọ mi sí i. Àwa ń lọ."

Mo ní ta ni yóò wakọ̀. Ó ní òun ni. Láti ọdún mélòó kan, kò wakọ̀ kọjá ilé ìwòsàn ní Allen. Bí ibi tí à ń lọ bá ti jìnnà, èmi ni mò ń wà á, mo sì máa ń sọ fún àwọn ọ̀rẹ́ wa pé fíríwéè ń bà á lẹ́rù. Mo fẹ́ rán an létí. Ojú tó fi wò mí ni kò jẹ́. Mo pe àwọn ọlọ́kọ̀. Mo fún ọmọ àgbà ní ètò tèmi, èyí tí mo ti fi bírò pupa ṣàtúnṣe sí, mo ní kó má ṣe jẹ́ kó kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Ó gbà á, ó dì mọ́ mi, wọ́n lọ.

Mo padà sí ilé kan tó mọ́ tónítóní. Oúnjẹ tí ìyàwó mi sè fún ìrìn náà kún fíríìjì, nítorí ó ti pọ̀ ju ohun tí wọ́n lè kó wọ bàálù. Mo jókòó sídìí tábìlì pẹ̀lú ètò níwájú mi, mo sì ń bá wọn rìn. Mo kọ̀wé sí wọn lórí fóònù pé ó yẹ kí wọ́n ti kúrò ní Calgary báyìí. Mo kọ ọ́ pé kí wọ́n ra epo kí wọ́n tó wọ àárín òkè. Mo kọ ọ́ pé ó ti tó àkókò tí wọ́n ń tọ̀. Ẹnikẹ́ni kò fèsì. Ní ìrọ̀lẹ́, àbúrò fi àwòrán àtàǹpàkò kan ránṣẹ́.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì ni ọmọ àgbà pè mí. Gẹ̀ẹ́sì ni ó fi ń sọ ọ́, ohùn rẹ̀ sì lọ sílẹ̀ bí ẹni tí kò fẹ́ jí ẹnì kan. Ó ní aago mẹ́sàn-án ni àwọn jí. Nígbà tí àwọn dé ibi adágún, kò sí àyè ọkọ̀ mọ́, wọ́n sì dá àwọn padà. Mo ti ya ẹnu láti sọ pé mo wí i. Ó ń bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ. Ó ní àwọn rí odò kan lẹ́bàá ìlú kékeré kan, ìyá wọn tẹ́ aṣọ sórí òkúta, ó ní kí àwọn jẹ́ kí òun di ojú fún ìṣẹ́jú márùn-ún. Ó ti sùn fún wákàtí mẹ́ta báyìí. Àbúrò ti to òkúta yí i ká, kò gbọ́. Mo béèrè bóyá ètò wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní ó wà lábẹ́ orí Mọ́mì. Wọn kò rí nǹkan mìíràn fi ṣe ìrọ̀rí.

Ó wá yí sí Yorùbá, èyí tí kì í ṣe rárá bí kò bá jẹ́ pé àgbàlagbà ìjọ ló ń bá sọ̀rọ̀. Ó ní, "Dádì, ṣé ó máa ń rẹ̀ wọ́n tó báyìí ni?"

Mo mọ gíga gbogbo òkè tó yí wọn ká. Ìyàwó tí mo fẹ́ láti ogún ọdún, tó ń bọ̀ láti ẹnu iṣẹ́ òru wá dáná fún wa, tó ń tòògbé nínú ọkọ̀ mi ní gbogbo ọjọ́ Àìkú, mo ka oorun rẹ̀ sí ìwà rẹ̀. Mo ní kí ó jẹ́ kí ìyá rẹ̀ sùn. Mo pa kọ̀ǹpútà, mo lọ gbé oúnjẹ kan nínú fíríìjì, ṣùgbọ́n n kò lè jẹ ẹ́.

Ní ọjọ́ kẹta, mo rí àyè ní ọ́fíìsì ìjọba tí wọ́n ti ń ṣe ìwé ìrìnnà ní kíákíá ní àárín ìlú. Mo tò sórí ìlà láti àárọ̀, kí ọ̀sán tó rọ̀, ìwé tuntun ti wà lọ́wọ́ mi. Inú mi dùn bí ọmọ tó yege ìdánwò. Orí ìpele àtẹ̀gùn níta, nínú oòrùn, ni mo ti pe ìyàwó mi, mo ní mo ti rí i gbà, mo ń bọ̀ wá bá wọn. Mo retí ìdùnnú.

Ó ní, "Ṣé ẹ̀yin nìkan lẹ̀ ń bọ̀, àbí ẹ̀yin àti ètò?"

Mo dúró sójú kan. Àwọn ènìyàn ń kọjá lọ́tùn-ún lósì mi. Mo rí i pé kò fi í ṣe àwàdà, àti pé bí mo bá dáhùn bí mo ti máa ń dáhùn, mo lè dúró sí Dallas.

Mo ní, "Èmi nìkan ni."

"Ẹ máa bọ̀ nígbà náà. Ẹ mú ẹran díndín tó wà nílé dání."

Mo wọ bàálù méjì dé Kamloops, ìlú tí wọ́n ti dé láàárín òkè. Ìyẹn kò sí nínú ojú ewé kankan. Àwọn aṣọ́bodè Kánádà kò jẹ́ kí n mú ẹran náà wọlé. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti ń dúró dè mí níta, oòrùn ti pa wọ́n lójú, ara wọn sì balẹ̀. Mo lọ sí ẹnu ọ̀nà ọkọ̀ níwájú. Ọmọ àgbà ti wà níbẹ̀ pẹ̀lú máàpù lórí itan rẹ̀, kò dìde, n kò sì ní kó dìde. Mo wọ ẹ̀yìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ àbúrò, mo ká orúnkún mi sókè nítorí kúlà oúnjẹ. Ìyàwó mi wa ọkọ̀ náà kọjá àwọn kọ́nà tí mo ti sọ fún un láti Dallas pé wọ́n léwu. Ẹsẹ̀ mi ń tẹ bíréèkì tí kò sí níbẹ̀. Ó rí mi nínú dígí, ó ní ìdí tí òun fi fi wíwakọ̀ ọ̀nà jíjìn sílẹ̀ fún mi nìyẹn. Fíríwéè kò ba òun lẹ́rù rí.

Nígbà tó yá, mo rí i lórí fóònù mi pé a ti yà sí ọ̀nà tí kò tọ́. Mo pa á mọ́ra fún bí ìdajì wákàtí. Nígbà tí n kò lè mú un mọ́ra mọ́, mo rọra ní, "Ó jọ pé a ti ṣìnà."

Ìyàwó mi ní, "A mọ̀."

A bá àwọn àgùntàn orí òkè lójú ọ̀nà náà, ìwo wọn ká bí ìgbín, wọ́n dúró sáàárín títì wọn kò sì kánjú. Àbúrò kà wọ́n dé mọ́kàndínlógún. A ra èso ṣẹ́rì lọ́wọ́ arúgbó kan lẹ́bàá ọ̀nà, a jókòó sórí koríko, a jẹ ẹ́ tán kí ẹnikẹ́ni tó béèrè aago tó lù. Ọjọ́ kan péré la fẹ́ lò kí a tó dé Vancouver. Ọjọ́ mẹ́ta la lò.

Ọdún méjì ti kọjá lórí rẹ̀. Ìwé ìrìnnà tí mo fi ìtìjú gbà yẹn ni mo fi lọ sílé ní oṣù Kejìlá, mo dúró níwájú ibojì bàbá mi, mo tọrọ àforíjì tó yẹ kí n ti tọrọ. Ìyàwó mi ti fi iṣẹ́ òru sílẹ̀, ti ọ̀sán ló ń ṣe báyìí. Òun ló yàn án, kò bi mí. N kò tíì di ènìyàn mìíràn o. Mo ṣì máa ń kọ nǹkan sílẹ̀, wọ́n ṣì máa ń fi mí rẹ́rìn-ín.

Ọmọ àgbà máa ń pè wá láti ilé ẹ̀kọ́ ní ọjọ́ Àìkú. Nígbà mìíràn ó máa ń sọ pé òun ti sọ ìtàn Kánádà fún àwọn ọ̀rẹ́ òun, mo sì máa ń ní kó sọ ọ́ fún èmi náà. Ó máa ń fẹ́ bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ tí wọ́n wá gbé mi ní Kamloops, nítorí ọmọ dáadáa ni, kò fẹ́ dójú tì mí. Mo máa ń ní kó padà sẹ́yìn, kó bẹ̀rẹ̀ láti ibi odò, nígbà tí ìyá rẹ̀ sùn lọ. Apá ibi tí n kò sí ni mo fẹ́ràn láti gbọ́ jù lọ.