Síkánà Tí Lorene Rà Nítorí Ìpè Kan

Ní àfonífojì Tolley, láàárín àwọn òkè West Virginia, ilé tí kò bá ní síkánà lórí tábìlì ìdáná, bí ilé tí kò ní ilẹ̀kùn ló rí. Rédíò tí kì í kọrin ni. Ọ̀rọ̀ àwọn ọlọ́pàá, panápaná àti ọkọ̀ aláìsàn ló ń gbé wá láti òwúrọ̀ dalẹ́. Bí obìnrin tó ń pín iṣẹ́ lórí rédíò bá ti ní ọkọ̀ aláìsàn ń lọ sílé Lágbájá, kí ọkọ̀ náà tó yà ní kọ́nà, àwọn aládùúgbò ti gbé páì tí wọ́n fẹ́ fi kí aláìsàn sínú ààrò. Ìyá kan tilẹ̀ wà lókè odò tó máa ń gbé páì dé kí aláìsàn fúnra rẹ̀ tó mọ̀ pé ara òun kò yá.

Síkánà Orval Teague ló dàgbà jù nínú gbogbo wọn. Bó bá jẹ́ èèyàn ni, ì bá ti joyè. Ọgbọ̀n ọdún ni Orval fi ṣe ọlọ́pàá níbẹ̀, Mẹ́rìnlá sì ni nọ́ńbà rẹ̀ lórí rédíò. Àṣà wọn ni pé lọ́jọ́ tí ọlọ́pàá bá fẹ̀yìn tì, obìnrin orí rédíò á pe nọ́ńbà rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, òun náà á dáhùn, wọ́n á wá sọ fún un létí gbogbo ìlú pé iṣẹ́ ti parí, kó máa lọ sílé. Lọ́jọ́ ti Orval, omíyalé bo àfonífojì, àrá sì la òpó rédíò sí méjì bí ẹni la igi ìdáná. Kò gbọ́ ìpè kankan. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní kò burú. Ọdún mọ́kàndínlógún kọjá lórí ẹ̀rín yẹn.

Ìgbà tí àìsàn dá a dùbúlẹ̀ ní pálọ̀, tó ń fa èémí bí ẹni ń fa omi láti inú kànga jíjìn, ni ọ̀rọ̀ náà tó jí. Àràárọ̀ ni yóò yíjú sí Lorene ìyàwó rẹ̀.

"Lorene, wọ́n ti pè mí?"

"Wọn ò tíì pè ẹ́."

"Á jẹ́ pé mo ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́ nìyẹn."

Síkánà àtijọ́ náà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìrọ̀rí rẹ̀, ó sì ya odi. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù ni ìjọba ìbílẹ̀ pààrọ̀ rédíò wọn sí irú tuntun, gbogbo síkánà àtijọ́ inú àfonífojì sì dákẹ́ lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Dókítà ti fa Lorene sí kọ̀rọ̀, ó ní ọ̀sẹ̀ kan ló kù, bóyá méjì. Ohun tí obìnrin náà ń wá kò pọ̀: kí ọkọ òun gbọ́ ìpè rẹ̀ kó tó lọ.

Ní Ọjọ́bọ̀, ó wọ ṣọ́ọ̀bù Harlan Sizemore, tó ń ta rédíò lẹ́yìn ibi tí wọ́n ti ń ta oúnjẹ màlúù.

"Àǹtí Lorene! Mo ti ń rò ó pé kí ni Àǹtí ń fi etí wọn ṣe látọjọ́ yìí."

"Etí mi ń sinmi ariwo ẹ ni. Kó síkánà wá."

Harlan to mẹ́ta sórí káńtà. Ọwọ́ Lorene lọ tààrà sí kékeré tó jọ ti ilé.

"Ẹ fìyẹn sílẹ̀, Àǹtí. Ohùn àtijọ́ nìkan ló ń gbọ́. Ẹ ó kàn sọ odi kan di méjì ni."

"Èyí ńkọ́?"

"Ìyẹn ń gbọ́ ti tuntun. Ṣùgbọ́n àárín òkè lẹ ń gbé. Òpó mẹ́ta ló ń sọ ọ̀rọ̀ kan náà lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n á máa kọlu ara wọn létí ẹ̀, á wá máa kólòlò bíi Pásítọ̀ tí wọ́n bá bi í léèrè owó àjọ̀dún."

"Fi Pásítọ̀ sílẹ̀ o!"

"Mo ti fi í sílẹ̀. Owó àjọ̀dún ni mi ò fi sílẹ̀."

Lorene kò fẹ́ rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín sì jábọ́ lẹ́nu rẹ̀. Harlan wá gbé ẹ̀kẹta, ṣùgbọ́n kò jọ̀wọ́ rẹ̀.

"Èyí á gbọ́ ketekete. Àmọ́ mi ò ní purọ́ fún yín. Àwọn ọlọ́pàá ti ti ọ̀rọ̀ tiwọn pa. Kò sí síkánà tó lè ṣí i, ì báà tóbi tó màlúù. Ti panápaná àti ti ọkọ̀ aláìsàn nìkan ló ṣẹ́ kù fún wa."

Lorene gbé ọwọ́ lé káńtà. Orí rédíò ọlọ́pàá ni wọ́n ti ń pe ọlọ́pàá. Kí ni Orval fẹ́ fi ti panápaná ṣe?

"Ṣé ẹ ó lọ rò ó ná, Àǹtí?"

"Àkókò ìrònú gan-an ni mi ò ní, Harlan. Dì í fún mi."

Kò gba ilé lọ. Bí etí kò bá lè dé ibi tí ọ̀rọ̀ wà, wọ́n á gbé ọ̀rọ̀ wá síbi tí etí wà. Ilé iṣẹ́ rédíò ló gbà lọ, ó sì bá Rhonda Blevins lórí àga, obìnrin tó ti ń pe nọ́ńbà láti ìgbà tí irun rẹ̀ ṣì dúdú.

"Rhonda, bá mi pe ọkọ mi lórí ti panápaná. Ibẹ̀ nìkan ló ti lè gbọ́."

"Háà, Màámi. Ọ̀rọ̀ iná nìkan la ń sọ níbẹ̀. Ọ̀gá á bínú."

"Ṣé ìwọ kọ́ lo wà lórí àga yìí lọ́jọ́ omíyalé?"

Rhonda wo ilẹ̀.

"Mo pe Bàbá lọ́jọ́ yẹn. Mo pè wọ́n títí. Mi ò mọ̀ pé òpó ti wó. Mo rò pé inú ló ń bí wọn ni wọn ò fi dáhùn."

Fún ọdún mọ́kàndínlógún, kò sí nínú àwọn méjèèjì tó bi ẹnì kejì. Lorene di ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Àbámẹ́ta," Rhonda ní, "lẹ́yìn tí a bá dán fèrè iná wò ní aago méjìlá ọ̀sán. Tí ọ̀gá bá fẹ́ lé mi, kó wá bá mi lórí àga níbí."

Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, fèrè iná ké, gbogbo ajá àfonífojì sì gbè é. Wọ́n ní ajá Harlan tó ti kú lọ́dún tó kọjá náà dá sí i. Lẹ́yìn náà ni gbogbo rẹ̀ rọlẹ̀. Lorene yí ohùn síkánà tuntun sókè.

"Mẹ́rìnlá."

Orval lajú.

"Mẹ́rìnlá." Rhonda tún pè é. "Mẹ́rìnlá."

Ọkùnrin náà wọ́ ọwọ́ lọ sí èjìká òsì, níbi tí ẹnu rédíò máa ń wà láyé ọjọ́sí. "Mẹ́rìnlá nìyí," ló wí.

Kò sí ọ̀nà tí ohùn yẹn lè gbà dé ọ̀dọ̀ Rhonda. Síkánà ń gbọ́ ni, kì í sọ̀rọ̀. Síbẹ̀ obìnrin náà dúró, ó dúró tó ìwọ̀n tí ọkùnrin tí èémí ń nira fún máa fi dáhùn.

"Mo gbọ́ yín, Mẹ́rìnlá. Aago méjìlá kọjá ìṣẹ́jú mẹ́rin. Iṣẹ́ ti parí. Ẹ máa lọ sílé, Bàbá. A ó máa bá yín ṣọ́ ọ̀nà."

Omi bọ́ lójú Orval, ó ṣàn gba etí rẹ̀ wọnú ìrọ̀rí.

"Lorene, o gbọ́?"

"Mo gbọ́."

"Ó dáa. Bá mi bọ́ bàtà."

Oṣù kan ti kọjá tí bàtà ti kan ẹsẹ̀ rẹ̀ gbẹ̀yìn. Lorene lọ sí ìdí bẹ́ẹ̀dì, ó tú okùn tí kò sí níbẹ̀, ó bọ́ ọ̀tún, ó bọ́ òsì, ó sì tò wọ́n sílẹ̀ jẹ́jẹ́ kí wọ́n má dún.

Àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni èémí náà dúró. Lorene pe ilé iṣẹ́ rédíò, ó sì lọ dúró nídìí iná. Síkánà sọ̀rọ̀ láti pálọ̀: "Ọkọ̀ aláìsàn, òpópónà Laurel, ilé Teague. Ẹ má fọn fèrè. Ẹ rọra máa lọ." Láti àádọ́ta ọdún tó ti ń gbọ́ orúkọ ilé onílé, ìgbà àkọ́kọ́ tí yóò gbọ́ tirẹ̀ nìyẹn.

Kò pa síkánà náà. Ó gbé omi kọfí kaná, ìkòkò ńlá, ó sì to ife mẹ́jọ sórí tábìlì. Omi náà kò tíì hó tó fi gbọ́ ẹsẹ̀ aládùúgbò àkọ́kọ́ lórí pákó ẹnu ọ̀nà.