Bàbá Onírùngbọ̀n Ara Ọ̀rá Búrẹ́dì

Atẹ̀wé kan wà tí kò mọ àwòrán yà. Bó bá ya ewúrẹ́, àga lèèyàn máa rò pé ó yà. Orí ayélujára ló ti ń mú gbogbo àwòrán tó ń tẹ̀, níbi àkójọ àwòrán ọ̀fẹ́ tí wọ́n pọ̀ lọ jàra: àwọn tó yà wọ́n ti kú tipẹ́, tàbí kí wọ́n ti yọ̀ǹda wọn fún gbogbo ayé. Kò sẹ́ni tó máa mú un lólè. Ó fẹ́ràn ibẹ̀ débi pé àwọn ará àdúgbò sọ ọ́ ní Ọ̀fẹ́.

Ibẹ̀ ló ti mú bàbá onírùngbọ̀n kan fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, tó ń ṣe búrẹ́dì nísàlẹ̀ òpópónà. Ẹ̀gbọ́n ní òun ń fẹ́ àgbàlagbà kan lára ọ̀rá tí òun fi ń wé búrẹ́dì, ẹni tó dà bíi pé ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹun yó. Ọ̀fẹ́ wá a lórí kọ̀ǹpútà, bàbá náà sì yọ, ó dé fìlà funfun, ó ń rẹ́rìn-ín. Ẹ̀gbọ́n, tó ti gbàgbé bí ewúrẹ́ ìjọ́sí ṣe rí, gbà pé àbúrò òun ló fọwọ́ ara rẹ̀ yà á, ó sì ń fi yangàn káàkiri. Ọ̀fẹ́ kò rí ẹnu já a nírọ́.

Lọ́jọ́ kan, oníbàárà kan bèèrè ẹni tí bàbá náà jẹ́. Búrẹ́dì ń jó nínú ààrò, Ẹ̀gbọ́n kò ráyè ronú.

“Bàbá wa ni. Òun ló kọ́ mi níṣẹ́.”

Kẹ̀kẹ́ ni bàbá wọn ń tún ṣe nígbà ayé rẹ̀, kò sì dá irùngbọ̀n sí rí. Ṣùgbọ́n oníbàárà náà ra méjì dípò ọ̀kan, ni irọ́ bá di ìtàn. Kó tó pẹ́, bàbá ti ń jí ní ìdájí po ìyẹ̀fun, ó sì ti ń bọ́ àwọn aláìní. Bí wọ́n bá ń yin bàbá lójú Ọ̀fẹ́, á kàn máa mi orí bí alángbá.

Àfi bí obìnrin kan ṣe ṣí ilé búrẹ́dì sókè òpópónà kan náà, tí bàbá sì yọ lára ọ̀rá tirẹ̀, tòun ti fìlà àti ẹ̀rín.

Ẹ̀gbọ́n já wọ yàrá ìtẹ̀wé. “Wọ́n ti jí bàbá wa gbé.”

“Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jókòó ná.”

“Mi ò jókòó. Mo ti fẹjọ́ sun alága ẹgbẹ́. Ìwọ ni ẹlẹ́rìí mi.”

Ọ̀fẹ́ mọ òfin ẹgbẹ́ oníbúrẹ́dì. Ẹni tó bá jí àmì ẹlòmíràn lò, ọkọ̀ ìyẹ̀fun ẹgbẹ́ kò ní dúró lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ mọ́. Ẹni tó bá parọ́ mọ́ ọmọ ẹgbẹ́, ìyà kan náà ni. Bí òun bá dákẹ́, obìnrin òkè tí kò jalè ò ní rí ìyẹ̀fun. Bí òun bá sọ̀rọ̀, ààrò ẹ̀gbọ́n òun ló máa tutù.

Nípàdé, alága gbé ọ̀rá méjèèjì sókè. “Bàbá ta nìyí?”

“Bàbá mi ni, sà,” ni Ẹ̀gbọ́n wí.

“Bàbá ọkọ mi ni, sà,” ni obìnrin òkè wí.

Ọ̀fẹ́ yíjú wò ó. Kò mọ̀ pé wọ́n tún bí irú ẹ̀gbọ́n òun síbòmíràn.

“Àbí bàbá náà ló nílé méjì?” ni ẹnì kan bèèrè látẹ̀yìn. Wọ́n bú sẹ́rìn-ín.

“Àbúrò mi tó yà á rèé,” ni Ẹ̀gbọ́n wí. “Dìde, sọ fún wọn.”

Ọ̀fẹ́ dìde. Ẹ̀gbọ́n yìí ló rán an níléèwé. Ó ṣí àkójọ àwòrán ọ̀fẹ́ náà lórí fóònù rẹ̀, ó nà án sí alága. “Ẹ má bínú, Ẹ̀gbọ́n mi. Èmi kọ́ ni mo yà á. Gbogbo ayé ló ni ín, ẹni tó bá wù ú lè mú un. Mo ti rí i lára ọṣẹ. Mo ti rí i lára oúnjẹ ajá.”

“Oúnjẹ ajá?” ni ọkọ obìnrin òkè, tó bá a wá sípàdé, bèèrè. Ó jọ pé ó dùn ún.

Alága ń fìka yí àwọn àwòrán náà lọ: adìyẹ, kẹ́tùlù, bàtà. Lójijì ó dúró. Ọwọ́ méjì tó di búrẹ́dì mú ló rí níbẹ̀, àmì ẹgbẹ́ gan-an, èyí tó wà lára ògiri lẹ́yìn rẹ̀, èyí tí alága ti sọ fún gbogbo wọn pé ojú àlá lòun ti rí i. Ó pa fóònù. Ó wúkọ́.

“Ọ̀rọ̀ ìdílé lèyí,” ló wí. “Ẹ lọ yanjú ẹ̀ nílé. Gbogbo yín lẹ máa gba ìyẹ̀fun lọ́la.”

Lọ́jọ́ kejì, Ọ̀fẹ́ lọ bá Ẹ̀gbọ́n. Ó bá a tó ń yí inú ọ̀rá síta lọ́kọ̀ọ̀kan kí ojú bàbá lè wà nínú. Ọ̀fẹ́ jókòó tì í, ó ń bá a yí i.

“O ti ń fà á ya,” ni Ẹ̀gbọ́n wí.

“Ẹ jọ̀ọ́, mà.”

Wọ́n tún yí díẹ̀ sí i.

“Ibi tó o ti ń mú wọn yẹn, ṣé obìnrin wà níbẹ̀?”

“Wọ́n pọ̀.”

“Wá ọ̀kan tó sanra díẹ̀, tí eyín ẹ̀ funfun. Kó o rí i pé obìnrin òkè ò tíì mú un.”

“Kí la máa ní ó jẹ́ sí wa?”

Ẹ̀gbọ́n mú ọ̀rá mìíràn. “Èmi ni,” ló wí. “Nígbà tí mo wà lọ́mọge.”