Kúbùsù Alábùlẹ̀ Tí Ìyakọ Mi Fi Ọwọ́ Òsì Rán Parí

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ fún mi láyè díẹ̀, mo fẹ́ sọ ohun kan tó ṣojú mi kòrókòró nígbà tí mo ṣì jẹ́ ìyàwó tuntun ní Òṣogbo.

Ẹnìkan ló gbé àwòrán kúbùsù alábùlẹ̀ síbí lọ́sẹ̀ tó kọjá, irú èyí tí wọ́n fi ègé aṣọ oríṣiríṣi rán pọ̀. Ni àwọn kan bá ń sọ pé iṣẹ́ òyìnbó nìyẹn, pé kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n láyé àtijọ́ níbí. Mo kàn rẹ́rìn-ín ni. Kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n kẹ̀? Ẹ ò mọ ìyakọ mi nìyẹn!

Ogun abẹ́lé ṣẹ̀ṣẹ̀ parí nígbà náà. Ọkọ mi ń ṣiṣẹ́ ní rélùwéè, wọ́n sì fún wa ní yàrá méjì nínú kọ́tásì tó wà lẹ́bàá ojú irin. Tí rélùwéè bá ń kọjá, gbogbo àwo inú ilé á máa gbọ̀n jìgìjìgì. Àlejò á fò dìde, àwa á máa jẹun wa lọ.

Iléṣà ni Màámi, ìyá ọkọ mi, ń gbé. Aránṣọ ni. Kì í ṣe aránṣọ lásán o! Tó bá ti wo obìnrin kan láti orí dé ẹsẹ̀, ó ti mọ ìwọ̀n rẹ̀ nìyẹn, kò ní mú téèpù. Bùbá tó bá rán, tí o bá yí i sódì, inú rẹ̀ máa ń mọ́ bí ìta ni. Àwọn èèyàn máa ń ti Ìpetu-Ìjẹ̀ṣà gbé aṣọ wá fún un.

Àfi bí àìsàn ṣe dé. Ó ń múra ṣọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́ lọ́jọ́ Àìkú kan ni apá àti ẹsẹ̀ ọ̀tún bá kọṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Wọ́n gbé e dé ilé ìwòsàn. Ẹnu tó wọ́ padà sípò. Ẹsẹ̀ náà gbà díẹ̀díẹ̀, ó ń fi ọ̀pá rìn. Ṣùgbọ́n ọwọ́ ọ̀tún, ọwọ́ iṣẹ́ gan-an, rọ jọwọrọ bí ewé tí oòrùn pa. Dókítà ní kí a máa dúpẹ́ pé ẹ̀mí ṣì wà.

Ẹ̀mí wà lóòótọ́. Ṣùgbọ́n kí ni aránṣọ fẹ́ fi ẹ̀mí ṣe láìsí ọwọ́?

Ọkọ mi lọ gbé e wá sọ́dọ̀ wa, òun àti àpótí onírin rẹ̀ kan. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá ti tọ́jú irú aláìsàn bẹ́ẹ̀ rí, ẹ ó mọ ohun tí mò ń sọ. Màámi kò bínú sí ẹnikẹ́ni, kò sì yọ ẹnikẹ́ni lẹ́nu. Á kàn kọjú sí fèrèsé láti àárọ̀, á gbé ọwọ́ yẹn lé itan bí ẹni tó gbé ọmọ tó sùn. Oúnjẹ tí mo bá gbé síwájú rẹ̀, á tọ́ ọ wò, á sì ní òun ti yó. Lọ́jọ́ kan tí mò ń bá a ró ìró, ló bá bú sẹ́kún. Ó ní òun tí òun ti rán aṣọ sí ìyàwó lọ́rùn káàkiri Iléṣà, òun náà ni wọ́n wá ń wọ̀ láṣọ bí ọmọ ọwọ́ yìí!

Mo bá a sunkún ni.

Nígbà tó yá, mo sọ fún un pé mo fẹ́ sá àwọn ẹrù inú àpótí rẹ̀ sóòrùn nítorí aáyán. Ó ní kò burú. Nísàlẹ̀ pátápátá ni mo ti rí nǹkan kan tí wọ́n fi aṣọ funfun dì. Mo tú u. Háà! Ègé aṣọ onígun mẹ́rin mẹ́rin ni, tí wọ́n rán mọ́ra wọn: ánkárá, àdìrẹ aláró, àrán pupa, àní ègé sányán kan wà níbẹ̀. Ìdajì ti di odindi aṣọ, ìdajì yòókù ṣì jẹ́ ègé tí wọ́n so jọ. Abẹ́rẹ́ kan ṣì gún sí i lára, ó ti dípẹtà. Ọwọ́ ni wọ́n sì fi rán an o, kì í ṣe máṣíìnì. Ojú abẹ́rẹ́ náà kéré, ó sì dọ́gba bí ẹni pé wọ́n fi rúlà wọ̀n ọ́n.

Mo gbé e wọlé, mo béèrè pé ṣé Màámi ló rán iṣẹ́ tó dára báyìí. Ojú rẹ̀ pọ́n lójijì. Mo rò pé mo ti ṣìṣe, mo ti kúnlẹ̀ kí n máa bẹ̀bẹ̀, ló bá ní kí n dìde, kí n gbé e sórí ẹsẹ̀ òun.

Orogún rẹ̀ ló rán an.

Ẹ̀yin náà ti ń retí ìjà orogún báyìí, àbí? Kò síjà kankan! Ìyàwó méjì ni bàbá ọkọ mi fẹ́ nígbà ayé rẹ̀. Èyí kejì kéré gan-an, Màámi sì gbà á bí àbúrò. Ìyàwó kejì yìí kọ́ iṣẹ́ abẹ́rẹ́ lọ́dọ̀ ìyàwó òyìnbó kan ní ṣọ́ọ̀ṣì, ibẹ̀ ló ti rí kúbùsù alábùlẹ̀. Bó ṣe délé, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣa ègé aṣọ lábẹ́ máṣíìnì Màámi. Àwọn ará àdúgbò fi ṣe yẹ̀yẹ́ títí, wọ́n ń bi í bóyá ẹ̀kú eégún ló ń rán. Màámi ní kó má dá wọn lóhùn. Ègé tó bá dára jù, òun fúnra rẹ̀ ló máa ń yọ ọ́ sọ́tọ̀ fún un. Ọmọ wọn ni wọ́n fẹ́ fi bò, nítorí ọyẹ́ Iléṣà kì í ṣeré.

Oyún kejì ló wà nínú rẹ̀ nígbà tó ń rán an. Ọjọ́ ìkúnlẹ̀ dé, òun àti ọmọ inú bá a lọ. Ọmọbìnrin kékeré kan ṣoṣo ló fi sílẹ̀.

Yétúndé lorúkọ ọmọ yẹn, ṣùgbọ́n ìyàwó ilé ni mí, mi ò gbọ́dọ̀ pe ọmọ ọkọ lórúkọ. Òpéléńgẹ́ ni mò ń pè é. Màámi ló tọ́ ọ, ló rán an nílé ìwé títí tó fi di tíṣà. Tí àlejò bá wá, kò ní mọ̀ pé kì í ṣe òun ló bí i. Nígbà tí mò ń sọ yìí, wọ́n ti ń múra ìgbéyàwó rẹ̀.

Màámi ní gbogbo ìgbà tí òun bá gbé aṣọ náà jáde láti parí rẹ̀, ọkàn òun kì í gbà á. Òun á tún ká a padà. Báyìí ni ọdún ṣe ń gorí ọdún.

Lẹ́yìn náà ló wò mí lójú, ó ní, "Ìyàwó mi, bá mi wá abẹ́rẹ́ tuntun."

Mi ò mọ ìgbà tí ojú mi lọ sí ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀. Ó sì rí mi.

"Ṣé ọwọ́ òsì kò sí lára mi ni?"

Mo ní tẹ́lọ̀ kan wà ní ìsàlẹ̀ kọ́tásì, pé mo lè gbé e fún un kó fi máṣíìnì parí rẹ̀ kíákíá. Ó mi orí. Ó ní ọwọ́ ni ẹni yẹn fi bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ọwọ́ náà ni yóò parí rẹ̀.

Ẹ gbọ́, ó rọrùn láti sọ! Ẹ gbé abẹ́rẹ́ sí ọwọ́ òsì yín wò. Èmi ló ń bá a ti òwú bọ abẹ́rẹ́, màá gún wọn sára tìmùtìmù ní ìtòsí rẹ̀ kí n tó lọ sí ìdí iṣẹ́ mi. Ọwọ́ ọ̀tún kò lè di aṣọ mú, nítorí náà ó ń fi ọwọ́ òsì gbé e lé aṣọ, bí ẹni fi òkúta tẹ ìwé kí afẹ́fẹ́ má gbé e lọ. Iṣẹ́ àkọ́kọ́ tó rán wọ́ bí ọ̀nà tí ejò gbà kọjá. Ó gbé e sókè, ó wò ó, ló bá bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín àkọ́kọ́ tí mo gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ láti ìgbà tó ti dé nìyẹn! Ó ní ká ní ọmọ iṣẹ́ òun kan ló rán irú èyí ni, òun ìbá ti lé e lọ sílé.

Ló bá tú u. Ó tún un rán. Ó tún un tú. Àwọn ìka òsì yẹn kún fún ojú abẹ́rẹ́, mo sì ń fi òróró pa wọ́n fún un.

Kòkòrò ti jẹ lára àwọn ègé tó ṣẹ́ kù, wọn ò ní tó. Mo sọ fún Ìyá Ráṣídì, aládùúgbò wa. Kí n tó pa ojú dé, ó ti ròyìn rẹ̀ káàkiri kọ́tásì! Òun fúnra rẹ̀ gbé ègé lésì aṣọ Iléyá rẹ̀ wá. Nígbà tó rí ohun tí Màámi ń fi ọwọ́ kan ṣe, ó fọwọ́ bo ẹnu, ó ní, "Alihamudulilai!" Àwọn yòókù gbé kàkí yúnífọ́ọ̀mù wá, aṣọ ọmọ tí kò wọ̀ mọ́, onírúurú. Ọkọ mi náà mú àsíá pupa àti àsíá aláwọ̀ ewé tó ti gbó bọ̀ láti ibi iṣẹ́, èyí tí wọ́n fi ń dá rélùwéè dúró, tí wọ́n sì fi ń ní kó máa lọ. Wọ́n ti ní kí ó dà wọ́n nù ni o, kí ẹnikẹ́ni má lọ sọ pé olè ni wá!

Ìgbà tí ilé ìwé gba ọlidé ni Òpéléńgẹ́ dé láti ibi tó ti ń ṣe tíṣà. Kò mọ nǹkan kan nípa aṣọ náà. Ohun tó kọ́kọ́ rí ni ìka Màámi tó ti dápàá. Ó já aṣọ náà gbà lọ́wọ́ rẹ̀, omi ti ń dà lójú rẹ̀. Ó ní, "Màámi, ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ fẹ́ fi èyí ṣe? Mi ò fẹ́ aṣọ kankan. Kí ara yín yá ni mo fẹ́."

Màámi ní, "Yétúndé, uṣẹ́ yèyé rẹ nìyí."

Ọmọ Ìjẹ̀ṣà gidi ni Màámi, kò sí ibi tó dé tí kò pe iṣẹ́ ní "uṣẹ́." A máa ń fi ṣe ẹ̀fẹ̀ nínú ilé. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ yẹn, kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín.

Òpéléńgẹ́ dúró gbagidi. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun kan fún yín: ọmọ yìí kò rántí ojú ìyá rẹ̀. Kò sí fọ́tò. Kò sí nǹkan kan tí ìyá náà fọwọ́ ṣe tí ó mọ̀. Ó rọra jókòó sílẹ̀, ó ń fi ìka tọ ojú abẹ́rẹ́ wọ̀nyẹn lẹ́sẹẹsẹ, bí ẹni tó ń fọwọ́ kàwé.

"Ọwọ́ rẹ̀ rèé?"

"Ọwọ́ rẹ̀ ni. Ó máa ń kọrin tó bá ń rán an. Ìwọ á sùn lẹ́sẹ̀ rẹ̀, a ò ní lè gbé ọ kúrò níbẹ̀."

Mo yáa jáde fún wọn. Mo lọ dúró lẹ́yìn ilé títí ojú mi fi gbẹ.

Láti ọjọ́ náà, àwọn méjèèjì jọ ń jókòó tì í ni. Màámi ń rán, Òpéléńgẹ́ ń ti òwú bọ abẹ́rẹ́, ó ń gé ègé, ó sì ń béèrè nípa ìyá rẹ̀: irú oúnjẹ wo ló fẹ́ràn? Ṣé ó máa ń bínú? Màámi ń dáhùn, oúnjẹ ń wọlé, ó tiẹ̀ ti ń bá mi jà pé iyọ̀ ọbẹ̀ mi pọ̀ jù. Ẹ ò mọ bí inú mi ti dùn tó láti gba ìbáwí yẹn! Lọ́jọ́ kan ni mo rí i pé àtàǹpàkò àti ìka ìfábẹ̀lá ọwọ́ ọ̀tún ti di etí aṣọ mú. Kò le, ṣùgbọ́n ó dì í mú. Màámi kàn ń rán lọ.

Kúbùsù náà parí kí ọjọ́ ìgbéyàwó tó pé. Iléṣà ni a ti ṣe é. Lẹ́yìn àdúrà, Màámi ní kí n gbé e wá, a sì tẹ́ ẹ sílẹ̀ níwájú gbogbo ẹbí. Ẹ̀gbọ́n ìyá tó bí Òpéléńgẹ́ wà níbẹ̀, ìyá arúgbó kan. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó yẹ ìdí aṣọ náà wò bí àwọn tó mọ iṣẹ́ ti ń ṣe. Ó dá ojú abẹ́rẹ́ àbúrò rẹ̀ mọ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ó wá dé ibi tí ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́, ó béèrè ta ló rán apá ibí yìí.

Màámi na ọwọ́ òsì rẹ̀ sókè.

Ìyá arúgbó náà lọ di ọwọ́ yẹn mú, ó gbé e mọ́ àyà. Ọ̀kan nínú àwọn ẹbí ọkọ ìyàwó, tí kò mọ ìtàn náà, wá ń béèrè lọ́wọ́ ìyàwó pé ta gan-an ló rán kúbùsù yìí fún un.

Òpéléńgẹ́ ní, "Ìyá mi ni. Àwọn méjèèjì."

Màámi kò padà sí Òṣogbo. Ó ṣí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ó ń fi ẹnu àti ọwọ́ òsì kọ́ àwọn ọmọbìnrin níṣẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ọwọ́ ọ̀tún kò padà bọ̀ sípò bíi ti tẹ́lẹ̀, irọ́ kò dára. Ṣùgbọ́n mi ò tún gbọ́ kí ó sunkún pé òun ti di ọmọ ọwọ́ mọ́.

Ohun tí mo rí kọ́ kò ju èyí lọ: iṣẹ́ tí a pa tì kò kú, ó ń dúró de ẹni tí yóò gbé e ni. Ẹ má sì dúró di ìgbà tí ọwọ́ yín bá gún régé kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Èyí tó wọ́ náà máa ń di aṣọ mú.

Ẹ̀yin ńkọ́? Ta ló wà nínú ẹbí yín tó parí iṣẹ́ tí ẹlòmíràn fi sílẹ̀? Kí lẹ̀yin fúnra yín ká sínú àpótí tí ọkàn yín kò tíì gbà láti tú? Ẹ sọ fún mi nísàlẹ̀ níbí. Mo ti wọ gíláàsì mi, n ó ka gbogbo rẹ̀.