Màmá Tó Jókòó Lábẹ́ Fọ́tò

Ẹ má bá mi jiyàn o. Mi ò mutí, mi ò tòògbé. Agogo méjì ọ̀sán ni, oòrùn Accra mú janjan. Ojú mi méjèèjì yìí ló rí i.

Nígbà tí ìjọba lé àwa Yorùbá, Àlátà tí wọ́n ń pè wá, kúrò ní Ghana láyé ọjọ́un, ìyá tó bí ìyá mi kọ̀, kò lọ. Ó ní òun ò ní fi ṣọ́ọ̀bù òun ní Tudu sílẹ̀. Ìyá mi ṣì kéré, wọ́n bá bàbá wọn lọ. Ìgbà tí wọ́n padà dé, wọn ò bá màmá, wọn ò sì rí sàréè.

Lóṣù tó kọjá, oníbàárà mi kan ní Kantamanto, níbi tí mo ti ń ta òkìrìkà, ní òun rí fọ́tò obìnrin Àlátà kan tó kọlà ní mùsíọ̀mù kékeré kan. Àìsàn ti dá ìyá mi dùbúlẹ̀. Wọ́n ní kí n lọ wò ó, bó bá jẹ́ ìyá àwọn ni, kí n wá gbé àwọn lọ síbẹ̀.

Nígbà tí mo dé mùsíọ̀mù ọ̀hún, màmá arúgbó kan jókòó sórí àga lábẹ́ fọ́tò náà. Mo kúnlẹ̀, bí wọ́n ṣe kọ́ mi nílé.

“Ẹ kú ìjókòó, mà.”

“Àbẹ̀kẹ́,” ó rọra sọ ọ́.

“Mà!” Ẹnu mi ti yá kí n tó ronú.

Ẹ gbà mí gbọ́, ìyá mi nìkan ló mọ oríkì mi ní gbogbo Accra. Auntie ni wọ́n ń pè mí lọ́jà. Ara fu mí. Mo ní oníbàárà yẹn ló fẹ́ fi arúgbó lù mí ní jìbìtì.

“Ta ló sọ orúkọ mi fún yín?”

“Mú ìyá rẹ wá. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń retí ẹ̀.”

“Ei, Auntie, ta lò ń kúnlẹ̀ fún?” Ọkùnrin tó ń ṣọ́ ibẹ̀ ló bi mí bẹ́ẹ̀ ní Twi, lẹ́yìn mi. Mo wẹ̀yìn. Nígbà tí n ó fi yíjú padà, kò sí màmá, kò sí àga. Fọ́tò ló kù lára ògiri, ojú kan náà, ilà kan náà.

Mo sáré jáde.

Irọ́ ni mo pa nílé. Mo ní kì í ṣe ìyá wọn. Ẹ̀rù ń bà mí pé bí mo bá gbé wọn lọ, mi ò ní gbé wọn bọ̀.

Ìyá mi wò mí títí. “Àbẹ̀kẹ́, kí ló dé tí o fi ń parọ́? Màmá ní o kúnlẹ̀ kí àwọn dáadáa.”

Láti ọjọ́ náà, àràárọ̀ ni wọ́n ń wé gèlè, tí wọ́n ń jókòó dè mí lẹ́nu ọ̀nà. Mi ò tíì gbé wọn lọ.

Ẹ jọ̀ọ́, bí ẹni tí ẹ ò mọ̀ bá pe oríkì yín níbi tí ẹnikẹ́ni ò ti mọ̀ yín, ẹ panu mọ́. Èmi ti dáhùn.