Àgbélébùú Àwọn Eku

Ẹni tó bá rò pé iṣẹ́ eku kéré, kò tíì jókòó ti eku funfun mẹ́jọ nínú yàrá kan ṣoṣo ní Ìkòtún. Nígbà ìjọba ológun, mo ra ìwé àlòkù kan lórí ìwà ẹranko, mo kà á dé èèpo ẹ̀yìn, mo sì di ọ̀mọ̀wé lójú ara mi. Olùkọ́ yunifásítì kan tó ń ṣèwádìí àìsàn ọpọlọ ṣèlérí pé bí mo bá dán àwọn eku òun wò bó ti yẹ, òun á gbà mí síṣẹ́ nínú ilé eku wọn. Kò sí ipò tó wù mí tó o láyé. Ẹ má rẹ́rìn-ín.

Mo kan pákó alápá mẹ́rin, mo gbé e ga tó ìbàdí. Apá méjì ní ògiri, méjì wà gbayawu. Eku tí ọkàn rẹ̀ balẹ̀ á jáde sí gbangba. Èyí tí ẹ̀rù ń bà, á lúgọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Ìṣẹ́jú márùn-ún géérégé fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Àwọn mẹ́rin tó ń gbé pọ̀, ọjọ́ Ajé ni tiwọn. Mẹ́rin tó ń dá gbé, ọjọ́ Ẹtì.

Èsì ọ̀hún dùn ju oyin lọ. Kò sí adágbé kan tó gbẹ́sẹ̀ sí gbangba. Ìdáwà ń ba ọpọlọ jẹ́! Mo kọ ojú ìwé mọ́kànlá.

Olùkọ́ wá fojú ara rẹ̀ rí i lọ́jọ́ Ẹtì kan. Kò tíì fọwọ́ kan eku tó fi bẹ̀rẹ̀, tó gbóòórùn pákó.

“Kí lo fi nù ún?”

“Omi lásán ni, sà.”

“Omi wo ló ń ta sánsán báyìí?”

Ìyá onílé wa, ọmọ ìjọ aláṣọ funfun, yọjú lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ìgò lọ́fínńdà. “Èmi ni jàre. Ọmọ yìí gbé àgbélébùú sí yàrá, kò mọ̀ pé wọ́n ń yà á sí mímọ́. Tó bá ti lọ pọnmi lọ́jọ́ Ẹtì, mo máa ń bá a ṣe é.”

“Màmá, apá ibo lẹ ń wọ́n ọn sí?”

“Ibi tí kò lógiri ni ṣá. Àbí kí n máa ki ọwọ́ bọ kọ̀rọ̀ eku?”

Olùkọ́ pa ìwé mi dé. “Ohun tó o fi hàn ni pé eku kì í ṣe ará ìjọ.”

Ó kó mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ sínú àpótí, ó lọ. Ìyá onílé gbàdúrà kí Olúwa fún mi níṣẹ́ gidi, ó sì wọ́n ìyókù lọ́fínńdà sí mi lórí. Mo wò yíká, mo ń wá ògiri tí màá lúgọ sí.